Ibi Tí Mo Sọ Pé Mo Ń Gbé

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti wà ní agbègbè Ọ̀tà yìí, àjèjì ṣì ni mí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Kétu ni mo ti wá, Kétu ti òdìkejì bọ́dà. Yorùbá là ń sọ níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu mi yìí, àmọ́ Faransé làwọn ọlọ́pàá wa ń sọ. Tí wọ́n bá ní kí bàbá tó bí mi àti bàbá tó bí onílé mi ní Ọ̀tà jókòó ti ẹmu, wọ́n á gbọ́ ara wọn yé láìsí ògbufọ̀. Òyìnbó ló fa ìlà sí wọn láàárín. Ìlà yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, tó ń lọ sọ pé, "Èmi rèé o, ibi báyìí ni mò ń gbé."

Kò le, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ ó kọ orúkọ, ẹ ó kọ iṣẹ́, ẹ ó kọ àdírẹ́sì. Wọ́n á bi yín pé ṣé ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ náà lẹ ṣì wà. Tí ẹ bá ti kó kúrò, ẹ sọ fún wọn. Tí ẹ ò bá tíì kó, ẹ sọ fún wọn. Ó parí. Káàdì á jáde tó bá yá.

Ẹfúnróyè ìyàwó mi, ọmọ Kétu lòun náà, àwa méjèèjì la jọ máa ń lọ. Bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń wọ̀. Mo ní, "Ìyá Àpọ́nlé, àdírẹ́sì làwọn èèyàn yìí fẹ́ gbọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi bàtà ṣe?"

Ó ní, "Ẹni tó bá rí bàtà mi á mọ̀ pé mo nílé."

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, èmi nìkan ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, tí ara tirẹ̀ bá wá yá, òun náà á lọ. Tí mo bá ti dé, kí n tó bọ́ fìlà, á ti bi mí láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, pé, "Kí lo sọ fún wọn?"

Màá ní, "Mo ní a ṣì wà níbẹ̀."

Á ní, "Ó dáa."

Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdọọdún ni. Bí ìkíni ló rí.

Ibi tí a wà ọ̀hún, ojúlé kẹrìnlá ni, ní Joju, ní etí ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Onílé wa ń jẹ́ Àmọ̀dá, ọmọ Ọ̀tà tí wọ́n bí sí Ọ̀tà tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Ọ̀tà. Kò sẹ́ni tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹfúnróyè ló ń pè ní Ìyàwó Faransé.

"Ìyàwó Faransé, ṣé ẹ ti sọ fún ìjọba pé ilé mi lẹ wà? Kí wọ́n má lọ rò pé inú ihò lẹ̀ ń gbé."

"Mo sọ fún wọn, Bàbá onílé. Mo ní ilé tó ń jò."

"Ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ̀ ń fi omi òjò fọṣọ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe nígbà yẹn, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ. Pálẹ́ẹ̀tì ni mo ń kàn, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to páálí ọṣẹ lé lórí kó má baà kan ilẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kan pálẹ́ẹ̀tì. Mo lè kàn án bí mo bá di ojú.

Ọdún kẹfà rèé tí Ẹfúnróyè ti ṣàìsí. Àìsàn yẹn ò pẹ́. Lọ́jọ́ kan tó dùbúlẹ̀, ó ní, "Bàbá Àpọ́nlé, má gbé mi kọjá bọ́dà o. Wọ́n á ní kí n mú pépà wá." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló kú.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí màá gbà. Èmi ò ní ilẹ̀. Ayálégbé kì í sìnkú sínú ilé onílé, ta ló fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀? Mo ń rò ó báyìí ni Àmọ̀dá jáde síta, tòun ti ọkọ́ léjìká. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó kọjá lára mi, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọkọ́ fa ìlà sí abẹ́ igi fúrúùtù.

Ó ní, "Kétu, níbí ni. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń gbá ilẹ̀ ibí. Ta ló tún ni ín jù ú lọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde, kí n lọ wá àwọn tó máa gbẹ́ ẹ, pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Bí a ṣe sin ín síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ojú oórì ò tíì gbẹ, mo fi ìṣó kọ ọ́ sí i: ẸFÚNRÓYÈ, ÌYÁ ÀPỌ́NLÉ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, mo mú káàdì rẹ̀ lọ sí ìmígíréṣọ̀n. Wọ́n kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, wọ́n gba káàdì, wọ́n fagi lé orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gba pépà ibi tí mò ń gbé, mi ò rántí gba pépà kankan ní ti ibi tí ìyàwó mi sùn sí. Ẹnu la fi sọ ọ́, èmi àti Àmọ̀dá. Ẹnu Àmọ̀dá tó pépà lójú mi.

Ẹnu yẹn náà dákẹ́ nígbà tó yá. Wọ́n sin òun sí ilé bàbá rẹ̀ láàárín ìlú Ọ̀tà. Ọmọ méje ló bí, kò sì sí bí ọmọ méje ṣe fẹ́ pín ilé kan kó má di títà. Múìdéènì, àkọ́bí rẹ̀, ló wá bá mi. Mo ti gbé ọmọ yẹn pọ̀n rí, kì í wo ojú mi lọ́jọ́ náà.

"Bàbá Kétu, ẹ má bínú sí mi. Kọ́ńpìnnì kan fẹ́ ra ibí, wọ́n fẹ́ fi ṣe ibi tí wọ́n á máa kẹ́rù sí. Mo ti bá wọn sọ ọ́ o, wọ́n láwọn ò ní fọwọ́ kan ojú oórì Màmá."

"Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n sọ ọ́ ni." Ó fọwọ́ ra orí. "Àbí ká kúkú hú wọn, ká gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú? Èmi ni màá ṣe gbogbo ẹ̀."

Mo ní, "Múìdéènì, ẹni tó ti sùn, o fẹ́ jí i nítorí páálí?"

Kì í ṣe ọmọ burúkú. Àwọn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n ń wo ọwọ́ ẹ̀.

Mo kó lọ sọ́dọ̀ Àpọ́nlé ní Agbára. Ọmọ kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkọ̀ kọ́ńpìnnì máa ń wá gbé e láàárọ̀ lọ́sẹ̀ kan, nírọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Yàrá méjì ló háyà, ó fún mi ní ọ̀kan. Ó tọ́jú mi, ẹ má gbọ́ ohun mìíràn. Àmọ́ ẹni tó ń sùn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, àlejò ni. Láàárọ̀ tí mo bá jí, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n di ẹrù mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo padà sí Joju, mi ò dá ibẹ̀ mọ̀. Wọ́n ti wó ilé, wọ́n ti mọ fẹ́ńsì tó ga ju èèyàn méjì lọ, wọ́n ti ri géètì irin. Òpó géètì ti Àmọ̀dá nìkan ni wọn ò wó, nọ́ńbà mẹ́rìnlá tó fi ọ̀dà kọ sí i ṣì wà lára ẹ̀. Síkíọ́rítì tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Akínwándé, ọmọ Ìsẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ wá rí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ̀ka wo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́?"

"Abẹ́ igi ló wà."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn wá. Mo wá ṣàlàyé fún un. Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn. "Bàbá, mo gbọ́ yín o. Ọ̀gá wa ní ẹni tí kò bá ní pépà tó so ó mọ́ ibí ò gbọ́dọ̀ wọlé. Ṣé ẹ ní pépà kankan?"

Mo tọwọ́ bàpò, mo yọ káàdì ìmígíréṣọ̀n. Ó kà á. Ó wo òpó géètì. Ó tún kà á.

"Bàbá, àdírẹ́sì ibí ni wọ́n kọ síbí."

"Ibí náà ni."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, onílé ti dé." Ó ṣí géètì.

Láti ọjọ́ yẹn, Onílé ló ń pè mí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń wọkọ̀ láti Agbára, màá gba Lúsàdà, màá gba Àtan, nínú ihò àti eruku, títí màá fi dé Sáńgò. Wọ́n to páálí dé ẹ̀gbẹ́ igi fúrúùtù, àmọ́ lóòótọ́ wọn ò fọwọ́ kan ojú oórì. Mo rí pálẹ́ẹ̀tì kan tó ti ṣẹ́ tí wọ́n jù sílẹ̀, mo fi kan bẹ́ǹṣì. Orí ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà fún un. Màá gbá ewé kúrò lórí orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀ ni màá tó lọ.

Ó wá di ìgbà tí mo tún gbọ́dọ̀ lọ sọ ibi tí mò ń gbé. Àpọ́nlé rán mi létí. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kó wá sọ́dọ̀ mi o. Ẹ má gbàgbé." Mo ní mo gbọ́.

Màdáámù kan tó ń jẹ́ Tóyọ̀sí ló dá mi lóhùn ní ìmígíréṣọ̀n. Ọmọ Ìkirun ni, ó lójú àánú, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé Joju náà lẹ ṣì wà?"

Mo ní, "A ṣì wà níbẹ̀."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ohun tí ẹnu mi ti ń sọ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni. Àmọ́ mi ò ní tan yín. Ọ̀rọ̀ géètì yẹn náà wà lọ́kàn mi. Tí wọ́n bá kọ Agbára sí káàdì mi, kí ni mo fẹ́ fi han Akínwándé?

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn lè wá wo ilé o, pé báwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní kò burú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kẹta lẹ́yìn ẹ̀, mo wà lórí bẹ́ǹṣì mi, ni mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́nu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bàbá Àjàlá ń gbé níbí?"

Èmi ni Àjàlá. Mo gbọ́ tí Akínwándé ń ṣí géètì. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù. Ibí ni Bàbá ń gbé."

"Níbo? Inú páálí?"

"Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni."

Bí Màdáámù Tóyọ̀sí ṣe yọ láàárín páálí ló rí mi, tòun ti fáìlì lábíyá. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wò yíká. Ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi eyín irin gbé pálẹ́ẹ̀tì kọjá lẹ́yìn ẹ̀, ó sún fún un.

"Bàbá, yàrá yín dà?"

Mo lè parọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè pa á lẹ́ẹ̀mejì, lójú Ẹfúnróyè. Mo ní, "Yàrá ò sí mọ́, ọmọ mi. Wọ́n ti wó o. Òun nìkan ló kù." Mo nawọ́ sí i.

Ó ka orúkọ tó wà lára sìmẹ́ǹtì. Ó wá jókòó ti mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ mọ̀ pé irọ́ lẹ pa fún wa?"

"Mo mọ̀."

"Tí mo bá kọ ọ́ bí mo ṣe rí i yìí, wọ́n lè gba káàdì lọ́wọ́ yín. Wọ́n lè ní kí ẹ máa lọ sí Kétu."

"Kétu." Mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe tayọ̀. "Ta ló kù tó mọ̀ mí ní Kétu?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí òkú ẹni bá wà là ń pè nílé. Ẹ ní kí n sọ ilé mi."

Ó mi orí. "Bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Bàbá tèmi wà nínú ilẹ̀ ní Ìkirun. Tí wọ́n bá bi mí pé níbo nilé mi, Ìkirun ni màá sọ. Àmọ́ ìwé wa ò béèrè ìyẹn. Ibi tí ẹ ń jí sí láàárọ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Tí nǹkan bá ṣe yín, ibi tá a ti máa wá yín."

Ó ṣí fáìlì, ó yọ fọ́ọ̀mù kan. "Ẹ gbà. Ti ẹni tó kó kúrò níbi tó wà ni. Ẹ kọ ibi tí ẹ wà gan-an síbẹ̀. Màá ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá sọ ọ́."

Mo di fọ́ọ̀mù mú. Mo ní, "Tí mo bá kọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé síbí mọ́."

Ó wo ọ̀nà géètì. "Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ tèmi, Bàbá."

Ó fún mi ní bírò. Mo kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù lé bẹ́ǹṣì, bí mo ṣe kọjú sí ojú oórì. Ọwọ́ mi ò lọ. Mo wá yípadà, mo kẹ̀yìn sí Ẹfúnróyè kí n tó lè kọ Agbára.

Káàdì tuntun jáde, Màdáámù Tóyọ̀sí pè mí fúnra ẹ̀ pé kí n wá gbà á. Mo mú un lọ sí Joju ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Akínwándé ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka wọn ní Adó-Odò. Bóyá tìtorí mi ni, bóyá kì í ṣe tìtorí mi, mi ò rẹ́ni bi. Ó ń dùn mí títí dòní. Ẹni tó wà níbẹ̀ gba káàdì mi, ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, Agbára ni wọ́n kọ síbí."

"Agbára ni."

"Kí wá lẹ fẹ́ ṣe níbí?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó káàánú mi, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, kò sì ṣí géètì. Ó ní iṣẹ́ òun ni. Òótọ́ ló sọ. Múìdéènì bá mi kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì, a tún kọ òmíràn. Èsì kò wá. Lẹ́ẹ̀kan tí Múìdéènì lọ fúnra ẹ̀, wọ́n ní àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò lọ fún oṣù méjì. Lánàá, mo lọ.

Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn fẹ́ńsì, ní etí gọ́tà. Orí igi fúrúùtù nìkan lèèyàn ń rí láti ibẹ̀. Ewé pupa mélòó kan ti já bọ́ síta. Mo ṣà wọ́n kúrò lọ́nà, mi ò mọ̀dí ẹ̀. Mo gbọ́ ọkọ̀ eléyín irin yẹn nínú, tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo fọwọ́ lé fẹ́ńsì.

Mo ní, "Ìyá Àpọ́nlé, mo ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n."

Mo dákẹ́, kí ó lè bi mí ohun tó máa ń bi mí.

Mo wá ní, "Mo ní a ò sí níbẹ̀ mọ́."

Àwọn obìnrin méjì tó ń kọjá ń wò mí. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo wá sọ ọ́ fún un lẹ́sẹẹsẹ, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: Agbára, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, ojúlé kẹsàn-án, yàrá kejì lọ́wọ́ òsì, ọ̀dọ̀ Àpọ́nlé. Mo ní ilẹ̀kùn ẹ̀ dúdú, mo sì máa ń ṣí i sílẹ̀ díẹ̀. Mo ní tó bá ti kọjá Lúsàdà, kò jìnnà mọ́. Kò sí bọ́dà lójú ọ̀nà ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kó mú pépà wá.

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó má baà gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wọkọ̀.